Ohun Tí Stephen Sọ fún Mi ní Ilé Búrẹ́dì

Ọjọ́ Ajé, 12 Fẹ́búárì 2024

Mo ti di ìyàwó! Lánàá ni a ṣe ìdúpẹ́, lónìí ni mo jí ní ilé ọkọ mi ní Ọ̀bà-Ilé, mo na ọwọ́, ọwọ́ mi sì kan Ọláolúwa. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi jí. Ó ní kí ló dé. Mo ní kò sí, mo kàn ń wò ó bóyá òótọ́ ni. A sáré ṣe ìgbéyàwó náà kí Lẹ́ńtì tó wọlé ni, nítorí àlùfáà wa kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ nínú àwẹ̀. Ìrẹsì wọ́n, ẹran wọ́n, epo mọ́tò wọ́n débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kó gbogbo ẹbí mi wá láti Oǹdó, àwọn ẹ̀gbọ́n gbé àwọn àbúrò lé ẹsẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n jó!

Àlùfáà sọ̀rọ̀ kan fún wa níwájú pẹpẹ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, "Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún ara yín, ìbáà kéré bí orí abẹ́rẹ́." Mo ti pinnu. Gbogbo ohun tí ojú mi bá rí lójúmọ́ ni màá máa rò fún Ọláolúwa.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí: gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sílé lẹ́yìn WAEC. Ká ní mo ti bẹ̀rẹ̀ yunifásítì nígbà náà, digirí mi ì bá ti wà lára ògiri báyìí. Ọdún kejì ni mo wà. Ìṣàkóso òṣìṣẹ́ ni mo ń kọ́, bí a ṣe ń gba ènìyàn síṣẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú wọn kí wọ́n má baà sá lọ. Ọláolúwa ń pè mí ní "HR mi." Ó dùn mọ́ mi létí ju "ìyàwó" lọ, n kò kàn ní jẹ́ kó mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22 Fẹ́búárì

Dókítà Akíntóyè, olùkọ́ wa ní ibùdó ẹ̀kọ́, fún wa níṣẹ́. Kí oníkálukú lọ sí ibi iṣẹ́ kan, kó bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bi wọ́n ohun tó mú wọn dúró níbẹ̀ àti ohun tó lè mú wọn lọ. Ó na ìka sí wa. Ó ní, "Kí ẹ tó bi wọ́n ní nǹkan kan, ẹ ṣèlérí fún wọn pé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ wọn máa kú sí. Ẹ má kọ orúkọ. Ẹ kọ A, ẹ kọ B. Ẹni tí kò bá lè pa ẹnu mọ́, kó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn."

Gbogbo wa ní, "Yes, sà." Èmi ni mo pariwo jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Fẹ́búárì

Mo lọ bẹ Ìyá Ìbùkún. Ẹ̀gbọ́n Ọláolúwa ni, òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló sì ni ilé búrẹ́dì tó wà ní ọ̀nà Ìjù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, ọkọ mi." Mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n fún wa.

Ó ṣí ojú sí mi láti orí àga rẹ̀. "Ìwé wo lẹ tún ń kọ́ tí wọ́n fi ń bi ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ mi bóyá ó yó?"

"Wọ́n ní kí ọ̀gá lè mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ronú ni, mà."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Wọ́n ń ronú owó." Ó rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì. "Ìyàwó, dìde. Lọ bi wọ́n. Kìkì kí o má ti da iṣẹ́ mi rú. Mo gbọ́ pé àpò fúláwà tún máa gbówó lórí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo fò jáde bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Fẹ́búárì

Ooru ilé búrẹ́dì! Ààrò ń jó níwájú, oòrùn ń jó lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n to igi ìdáná sí ni mo jókòó sí, wọ́n ń wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó ọ̀gá, ṣé ẹ máa bá wa sọ ọ́ kí wọ́n fi bọ́tà sí búrẹ́dì tiwa náà?" Lẹ́yìn náà wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹni kan sunkún díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè lásán lè ṣí ènìyàn bẹ́ẹ̀. Orí mi wú.

Ọjọ́bọ̀, 29 Fẹ́búárì

Ọjọ́ tí kì í wá lọ́dọọdún! Lónìí ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí, tèmi ni.

Stephen ló kù. Òun ló ń po fúláwà. Bí òun kò bá dé láàárọ̀, kò sí ẹni tó lè fi nǹkan kan sínú ààrò. Ọmọ Oǹdó ni bíi tèmi, àgbà sì ni sí mi. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kó tó jókòó lé igi.

"Ìyàwó ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹ ò ní fi wá sí rédíò?"

"Rárá o. Ẹ máa sọ̀rọ̀ yín, Bọ̀ọ̀dá Stephen."

"Ta ni yóò gbọ́ ọ?"

"Èmi àti Ọlọ́run."

Ó wò mí. Ó bi mí ní ilé baba mi ní Oǹdó, mo sọ fún un. Ó ní òun mọ ìyá mi, òun máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú èdè ilé wa. Ó pa "ẹ̀yin" tì, ó ń pè mí ní "ìwọ," bí ẹ̀gbọ́n tó bá mi dàgbà.

Ó ní ẹnì kan fẹ́ ṣí ilé búrẹ́dì sí Oǹdó, wọ́n sì ti bá òun sọ̀rọ̀ pé kí òun wá ṣe ọ̀gá níbẹ̀, bóyá nínú oṣù Méè. Ìyàwó rẹ̀, Títílayọ̀, àti àwọn ọmọ wà nílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde mọ́. Láti ìgbà tí owó ọkọ̀ ti gbẹ́nu sókè, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kí ó tó rí wọn. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti ń pè é ní "bọ̀ọ̀dá." Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ìyẹn, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín.

"Mi ò ní já ọ̀gá kulẹ̀," ló ní. "Màá bá wọn ṣe iṣẹ́ Àjíǹde. Lẹ́yìn Àjíǹde ni màá fi ẹnu ara mi sọ fún wọn, màá sì kọ́ ẹlòmíràn kí n tó lọ. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún."

Ẹni àkọ́kọ́! Èmi!

Ọláolúwa dé láti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe olùkọ́ ní Ìjù, n kò tíì jẹ́ kó bọ́ bàtà. Mo rò ó fún un tán kí omi iṣu tó hó. Mo ní, wò ó, àgbàlagbà ọkùnrin, ó jókòó, ó tú inú rẹ̀ jáde fún mi. Mo dárúkọ rẹ̀. Inú mi dùn jù láti rántí pé "Òṣìṣẹ́ E" ló yẹ kí n pè é. Ọláolúwa gbé mi sókè lójú iná. Ó ní, "HR gidi ni ẹ́!"

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì

Gáàsì ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà kílò kan. A ti padà sí èédú. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó ṣí páànù lẹ́yìn ilé. Mo parí iṣẹ́ mi, mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Máàṣì



Ọjọ́ Àìkú àwọn ìyá ni lónìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lẹ́yìn ìsìn, a lọ jẹun ní ilé Ìyá Ìbùkún. Èmi ni mo gún iyán, èmi ni mo ń bu ọbẹ̀. Ìyá Ìbùkún ń ráhùn fúláwà, ó wá dé orí ẹ̀kọ́ mi.

"Owó tí ẹ ń kó sí ìwé yìí, Ọláolúwa, kí ló ń kọ́ ìyàwó? Ọdún tí mo ti ń gba òṣìṣẹ́, ta ló kọ́ mi? Kí ìyàwó wá bá mi ta búrẹ́dì."

Inú Ọláolúwa kò dùn. Mo rí i. Ó fẹ́ gbè mí lẹ́yìn ni, Ọlọ́run mọ̀.

"Sístá, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ ìyàwó mi. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ò lè sọ fún yín, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé Stephen ń lọ Oǹdó lẹ́yìn Àjíǹde?"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Ìyá Ìbùkún.

"Ta ní ń lọ?"

Ọláolúwa wò mí. Mo wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀. Ká ní mo sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèlérí, n kò lè sọ ọ́." Ká ní mo tiẹ̀ sunkún. Ta ni yóò na ìyàwó tuntun? Àmọ́ mi ò tíì sọ "rárá" fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí, mo sì rò pé bí mo bá sọ ìyókù, yóò gba Stephen sílẹ̀. Mo ní, "Ó ní òun máa bá yín ṣe iṣẹ́ Àjíǹde tán, mà. Ó ní òun máa kọ́ ẹlòmíràn kó tó lọ."

Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi tì í ṣubú nìyẹn.

Ìyá Ìbùkún fọ ọwọ́. Ó ní, "Èyí tó wà kí Stephen tó dé, nígbà tí Kérésì ku ọ̀la ló lọ, ó kó oníbàárà mi dání. Mi ò ní jókòó kí wọ́n tún ṣe é fún mi." Ó wá bèèrè bóyá ẹja kù.

Ọjọ́ Ajé, 11 Máàṣì

Mo tètè jí láti lọ kìlọ̀ fún Stephen. Mo ti dé ẹnu géètì nígbà tí mo rántí pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún Ọláolúwa ibi tí mo ń lọ. Mo padà, mo jí i. Ó ní kí n dúró, kí òun kọ́kọ́ bá Sístá sọ̀rọ̀, kí n má baà fa ìjà. Mo dúró.

Nígbà tí mo dé ilé búrẹ́dì, wọ́n ti lé Stephen, ó ń jáde bọ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀ léjìká. Fúláwà ṣì wà ní apá rẹ̀. Àwọn yòókù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá Stephen," mo ní.

Ó dúró. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni.

"Ìwọ àti Ọlọ́run, àbí?" ló ní. Ó wá tún padà sí "ẹ̀yin." "Ó dàbọ̀, ìyàwó ọ̀gá. Ẹ bá mi kí màmá yín."

Ọjọ́rú, 13 Máàṣì

A jà. Ìjà wa àkọ́kọ́. Mo ní kí ló mú ọ̀rọ̀ Stephen dé orí oúnjẹ. Ọláolúwa ní, "Lọ́lá, èmi kọ́ ló wá sọ fún." Òótọ́ ni. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Máàṣì

Mo lọ bẹ Ìyá Ìbùkún. Ilẹ̀ ilé búrẹ́dì ni mo kúnlẹ̀ sí, níwájú gbogbo wọn, mo ní n kò ní dìde àfi bí wọ́n bá ní kí Stephen padà.

"Dìde, fúláwà ń ba ìró rẹ jẹ́. Mo ti fi ọmọ iṣẹ́ mi Ọlọ́runníyì sídìí ẹ̀rọ tí Stephen fi ń po fúláwà."

"Mà, ẹ̀bi mi ni. Kò ṣẹ̀ yín."

"Ẹ̀bi kẹ̀?" Ó fà mí dìde fúnra rẹ̀, ó mú mi wọ yàrá, ó fún mi ní omi tútù. "Ìyàwó, ìwọ ni o yọ mí. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn láìdáa, má bínú. Wò ó: máa wá lóṣooṣù. Máa bi wọ́n bí o ṣe bi wọ́n yẹn, kí o máa sọ fún mi. Èmi ni màá máa san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ títí o fi gba digirí."

Ó gbá mi mọ́ra. Mo dúró síbẹ̀ bí igi.

Ọláolúwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nígbà tó gbọ́. Owó oṣù àwọn olùkọ́ kò dé déédéé mọ́, a ò tilẹ̀ mọ ohun tí a ó fi san ti sáà tó ń bọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó ní kí ni mo fẹ́ rò.

Ọjọ́ Àìkú, 31 Máàṣì. Àjíǹde.

Búrẹ́dì kò wú. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà dá a padà láti Ọjà Ọba. Ìyá Ìbùkún kígbe mọ́ Ọlọ́runníyì tó fi sunkún, ọmọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀. Mo yà lọ kí àwọn òṣìṣẹ́ kú ọdún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan nídìí ààrò bí mo ṣe ń bọ̀. Ẹnì kan ní, "Ìyàwó ọ̀gá dé o." Gbogbo wọn dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Épírìlì

Dókítà Akíntóyè ka iṣẹ́ mi sókè ní kíláàsì. Mo gba A. Ó ka ibi tí Òṣìṣẹ́ E ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń pè é ní "bọ̀ọ̀dá," gbogbo kíláàsì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí i? Òṣìṣẹ́ kì í bá ẹni tí kò bá fọkàn tán sọ irú èyí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo dúró dè é níta, mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Ìwé ni mo fún ní máàkì, Lọ́lá. Ìyókù kò sí lọ́wọ́ mi." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Méè. Oǹdó.

Mo wá. Ọláolúwa fún mi lówó ọkọ̀, kò bá mi jiyàn. Màmá mi ní òun ti gbọ́, kò sì bi mí sí i. Ó di èlùbọ́ sínú ọ̀rá, ó ní kí n má lọ lọ́wọ́ òfo.

Títílayọ̀, ìyàwó Stephen, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò bú mi. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi. Ó ní ilé búrẹ́dì tuntun náà kò ṣí mọ́. Wọ́n ti kan páànù rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n dọ́là ti mú kí owó ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi po fúláwà kọjá agbára ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ní Stephen wà ní Bọ́lọ́rundúró, ó ń bá wọn ro oko kòkó.

Mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Ẹrẹ̀ dé orókùn wa níbì kan. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń pọ́n àdá. Apá rẹ̀ tí fúláwà máa ń wà tẹ́lẹ̀, koríko ti ya gbogbo rẹ̀.

Mo wólẹ̀ sínú ewé. Mo ní kó dárí jì mí. Mo sọ bó ṣe jẹ́ láìfi ohunkóhun bò: iṣu, ìyìn, oúnjẹ ọjọ́ Àìkú.

Ó ń pọ́n àdá lọ. Ó ní, "Dìde. Ìyàwó tuntun kì í dọ̀bálẹ̀ nínú igbó, èèrà máa bù ọ́ jẹ." Nígbà tó yá, ó ní, "Ohun tí o kọ yẹn, kí lo gbà níbẹ̀?"

N kò fẹ́ sọ ọ́. Ó dúró dè mí.

"A," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó tẹ ọwọ́ lé ikùn. "Nígbà náà, èmi náà gba A. Ṣebí èmi ni mo sọ̀rọ̀!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín rẹ̀ ló kọ́kọ́ tán. "Ọmọ mi kì í pè mí ní bọ̀ọ̀dá mọ́, ìyẹn ni mo rí gbà. Ṣé o ṣì ń bi wọ́n?"

Mo sọ ohun tí Ìyá Ìbùkún ní òun máa ṣe fún mi.

Ó yẹ ojú àdá rẹ̀ wò. "Bí o bá máa bi Ọlọ́runníyì," ló ní, "kọ́kọ́ sọ fún un, kó tó la ẹnu, ẹni tó máa gbọ́ ọ."

Nígbà tí mo ń lọ, ó so ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà náà. Mo kọ̀, ó ní kí n gbé e fún ọkọ mi.

Ọjọ́ Ajé, 6 Méè

Mo sọ fún Ìyá Ìbùkún pé n kò lè ṣe é. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ohùn mi kéré, àmọ́ mo sọ ọ́. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ó san owó yín fúnra yín." Kò pè mí ní ìyàwó nígbà tí mo ń lọ.

Ọláolúwa gbọ́, ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Stephen láìbèèrè ẹni tó fi ránṣẹ́. Mo rò pé ó mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Méè

Mo ń sá aṣọ nígbà tí Ọlọ́runníyì kan géètì. Mo rò pé Ìyá Ìbùkún ló rán an. Ó ní rárá, òun fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi ni, nítorí ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́.

Mo ní, "Dúró. Kí o tó la ẹnu. O mọ ohun tí mo ṣe fún Stephen."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ọ̀gá rẹ."

Ó wo bàtà rẹ̀ títí. Mo ti rò pé yóò lọ, mo sì ti gbà pé ó tọ́ kó lọ. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ó ti lọ nígbà tí Ọláolúwa dé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wo búlọ́ọ̀kù tí mo gbé sítòsí okùn aṣọ.

"Ta ló wá?"

"Ọlọ́runníyì ni."

"Kí ló fẹ́?"

Mo gbé omi fún un. Ẹnu mi ń yún mi. Ẹ ò mọ bó ṣe dùn tó láti máa rí nǹkan rò fún ọkùnrin yìí, kí ojú rẹ̀ máa tàn bí mo ṣe ń rò ó. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jẹ adùn yẹn.

"Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni," mo ní.

Ó wò mí. Ó mu omi náà tán, ó gbé ife náà fún mi, ó sì bi mí bóyá aṣọ ti gbẹ.

Ohun tí Ọlọ́runníyì sọ, n kò ní kọ ọ́ síbí náà.